Dísìkì Kejì Bàbá Fábíyìí

Ọ̀rọ̀ tí Bàbá Fábíyìí ti kó jọ kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó gba ohùn lẹ́nu rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Èdè Rẹ́mọ ni gbogbo wọn, bí àwọn àgbà Ìlárá ṣe ń sọ ọ́, irú èyí tí àwọn ọmọ tó ń lọ síléèwé kì í sọ mọ́. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe é. Nígbà tó ṣì ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọ wọn, ìjọ tó ń pa ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́ ní Sábáàtì, á ti ibi iṣẹ́ dé, á jẹun, á mú ìwé àti bírò, á sì lọ jókòó ti àwọn arúgbó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Orúkọ tí wọ́n ń pe òjò tó bá ń rọ̀ nígbà tí oòrùn ń ràn, orúkọ gbogbo ohun tó wà lára igi ọ̀pẹ, ọ̀rọ̀ tí ìyàwó ilé fi ń bá àbúrò ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́: kò sí èyí tí kì í kọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ikán wọ àpótí tó kó àwọn ìwé náà sí, ó sì jẹ ohun tó ju ìdajì wọn lọ. Ọmọ rẹ̀, Olúrántí, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, ra kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí i ní 1995 kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ mọ́. Bàbá ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Ó fi ìka méjì kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ó tẹ èyí tí ikán fi sílẹ̀, ó sì tún lọ béèrè èyí tó jẹ. Nígbà tó fi máa parí, àwọn tó ń béèrè lọ́wọ́ wọn ti kú tán, ó ku ìyá àgbà kan, Màmá Àjọkẹ́, tí kò gbọ́ràn dáadáa mọ́.

Ní oṣù kọkànlá 1997 ni àìsàn náà kọlù ú. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kú. Ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde kò sì yé ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi bírò sí i lọ́wọ́ òsì, ìlà wíwọ́ lásán ló ń fà. Àmọ́ ojú rẹ̀ ríran, etí rẹ̀ gbọ́ràn, ọpọlọ rẹ̀ sì pé. Ìyàwó rẹ̀, Modúpẹ́olúwa, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mọ́mì Fábíyìí, mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé bí wọ́n bá ka Bíbélì fún un tí wọ́n fo ẹsẹ kan, á mi orí títí wọ́n á fi padà sí i.

Ohun kan ṣoṣo ni Mọ́mì ń fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ tó lọ: kí wọ́n tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ náà jáde lórí ìwé, kí ó fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta 1998, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́ nínú ikùn rẹ̀. Nígbà mìíràn á jí, nígbà mìíràn kò ní jí. Mọ́mì ránṣẹ́ pe Mọ́ṣúdù ní Ṣàgámù.

Ọmọ Àlàájì Ìdírísù oníṣòwò obì ni Mọ́ṣúdù, ní àdúgbò Ijoku níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kó máa bá òun lọ sí Kánò, òun ní kọ̀ǹpútà lòun fẹ́. Yàrá kan níwájú ilé bàbá rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òórùn obì tútù kì í sì í kúrò lára àwọn ẹ̀rọ tó ń tún ṣe. Ó mọṣẹ́. Àwọn iléèwé bíi mẹ́ta ló ń pè é, kò sì tíì ba ti ẹnì kankan jẹ́ rí.

Ọjọ́ Ẹtì ló lọ. Kò lè kúrò kí wọ́n tó kírun Jímọ́ọ̀ tán, ọkọ̀ tó wọ̀ sì dúró de èrò pẹ́. Nígbà tí ọ̀kadà fi máa já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé Fábíyìí ní Ìlárá, aago mẹ́rin ti kọjá.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Mọ́mì."

"Mọ́ṣúdù, o mà pẹ́ o."

"Ẹ má bínú, Mọ́mì. Ìrun ló dá mi dúró."

"Kò burú, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé bí oòrùn bá ti wọ̀, Sábáàtì wa bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mi ò ní lè jẹ́ kí o ṣiṣẹ́ nínú ilé yìí mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la."

"Mo máa ṣe é tán kó tó wọ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ tó pọ̀."

Bàbá wà lórí àga onírọ̀rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ sí kọ̀ǹpútà náà. Mọ́ṣúdù dọ̀bálẹ̀ kí i. Bàbá gbé ọwọ́ òsì sókè díẹ̀, ó na ìka méjì sí i.

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti kọ̀ láti jí, àbí?" ni Mọ́ṣúdù bi í.

Bàbá mi orí pé rárá. Ó tún na ìka méjì náà. Mọ́ṣúdù rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, ó sì tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ.

Dísìkì méjì ló wà níbẹ̀, àwọn àpótí irin pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí. Kékeré ni ti àkọ́kọ́, òun ló bá ẹ̀rọ náà dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ìyẹn kún, ọ̀gbẹ́ni kan tó ti kó lọ sí Kánádà báyìí fi ńlá kan tì í, orí ńlá yẹn ló sì kó Wíńdòsì àti gbogbo iṣẹ́ Bàbá sí. Àmọ́ bí wọ́n bá tanná sí kọ̀ǹpútà, kì í lọ sí orí èyí tó tóbi. Dísìkì tó wà ní ipò kìíní ló ń lọ wò. Á wá ìpín tí wọ́n sàmì sí níbẹ̀ pé ibí ni kí o ti jí, ìpín yẹn ló sì máa júwe ibi tí Wíńdòsì wà fún un. Ohun tó ń jí ẹ̀rọ wà lórí kékeré; ohun tó ń lò lẹ́yìn tó bá jí wà lórí ńlá. Bí kékeré bá ń ṣàìsàn, gbogbo ẹ̀rọ á dà bí òkú, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ Bàbá wà ní àlàáfíà lórí èkejì, kò sí ohun tó ṣe é.

Mọ́ṣúdù mọ gbogbo èyí. Òun ló padà ń dùn ún jù: kì í ṣe pé kò mọ̀.

Ó fetí sí wọn, ó rí i pé kékeré ló ń dún. Ó yọ ọ́. Irin tín-ń-tín kan máa ń wà lẹ́yìn dísìkì tí wọ́n fi ń sọ fún un pé ipò kìíní ló wà tàbí ipò kejì. Ó ṣí ti ńlá nípò, ó sọ ọ́ di ẹni àkọ́kọ́, ó tanná. Ẹ̀rọ kò jí, nítorí kò sí ìpín tí wọ́n sàmì sí lórí rẹ̀. Mọ́ṣúdù fi fúlọ́pì, dísìkì fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń gbé kiri, sàmì sí i. Síbẹ̀ kò jí, nítorí àwọn fáìlì tó ń jí ẹ̀rọ kò sí níbẹ̀. Fúlọ́pì tó lè dà wọ́n síbẹ̀ wà ní Ijoku, lórí tábìlì rẹ̀. Ká ní ó ṣíwọ́ níbẹ̀ ni, kó ní òun ń padà bọ̀ ní ọjọ́ Àìkú, kì bá tí sí ìtàn.

Ó yí èrò padà. Ó ní òun á dá kékeré padà, òun á nù ún mọ́ tónítóní, òun á sì tún Wíńdòsì tò sórí rẹ̀. Bóyá á lè lo oṣù kan sí i kó tó kú, wọ́n á sì ti tẹ iṣẹ́ Bàbá jáde. Nígbà tó dá a padà, ẹ̀rọ kò rí ọ̀kankan nínú wọn, nítorí àwọn méjèèjì ló ń pe ara wọn ní àkọ́kọ́. Ó fa irin ti kékeré yọ, ó sọ ọ́ di ẹni kejì. Bó ṣe fẹ́ tanná báyìí ni NẸ́PÀ mú iná lọ.

Wọ́n jókòó. Mọ́mì wà ní kíṣìnnì, ó ń ro ìkọ́kọrẹ́ kó tó di pé wọn ò ní dáná mọ́. Ooru mú. Mọ́ṣúdù ń wo òjìji igi máńgòrò tó ń gùn sí i lórí ilẹ̀ àgbàlá. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta kọjá kí iná tó dé, oòrùn sì ti ń rẹlẹ̀.

"Mọ́ṣúdù, ó kù díẹ̀ o!" Mọ́mì pe láti kíṣìnnì.

"Mo ti ń parí ẹ̀, Mọ́mì!"

Kọ̀ǹpútà kì í pe dísìkì bí èèyàn ṣe mọ̀ ọ́n. Ipò tó bá bá a ló fi ń pè é. Èyí tó wà ní ipò kìíní ló ń pè ní C, èyí tó wà ní ipò kejì ló ń pè ní D. Láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà ti wọ ilé yẹn, kékeré ni C. Àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Mọ́ṣúdù fúnra rẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí wọn padà, iná lọ, iná dé, ó sì gbàgbé. Ó tẹ̀ ẹ́ pé kí ẹ̀rọ fọ́máàtì C, kó nù ún mọ́.

Ẹ̀rọ náà béèrè bóyá ó dá a lójú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ wá kọ bí ohun tó fẹ́ nù ṣe tóbi tó sójú gíláàsì, nọ́ńbà gígùn tó funfun lórí dúdú. Mọ́ṣúdù kò wo ibẹ̀. Ó ń kó àwọn skúrù jọ.

Bàbá ló wo ibẹ̀. Ó kígbe. Kì í ṣe igbe èèyàn tó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ó dà bíi ti ewúrẹ́ tí okùn fún lọ́rùn. Ó na ọwọ́ òsì, ó na ìka méjì, ó ń jù wọ́n sí iwájú, ó ń jù wọ́n, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga.

"Mọ́mì! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo Bàbá!"

Mọ́mì sáré wọlé, ó ń fi ìró nu ọwọ́. "Bàbá Olúrántí, kí ló dé? Ìtọ̀ ni? Ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n ni, Mọ́ṣúdù, bá mi gbé apá kejì."

Wọ́n gbé e. Ó ń fi èyí tó lè mì nínú ara rẹ̀ bá wọn jà. Wọ́n gbé e kọjá níwájú kọ̀ǹpútà tó ń ka iye tó ti nù, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá ogún, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kò sì tọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e padà sórí àga, kò pariwo mọ́. Omi ń dà lójú rẹ̀. Mọ́mì nù ún fún un, ó ní àìsàn yìí kúkú burú.

Mọ́ṣúdù fi síídì Wíńdòsì sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sórí C. Ìyẹn gba ogójì ìṣẹ́jú. Ẹ̀rọ jí dáadáa, ojú gíláàsì mọ́lẹ̀. Ó ṣí D láti fi iṣẹ́ Bàbá han Mọ́mì. Ohun tó bá níbẹ̀ ni lẹ́tà mẹ́rìnlá tí Bàbá kọ sí Olúrántí ní 1995, àti àkọsílẹ̀ ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì kan.

Ó tún un ṣí. Ó wo bí dísìkì náà ṣe tóbi tó. Kékeré ni.

Ó yí padà díẹ̀díẹ̀, ojú òun àti Bàbá sì ṣe mẹ́rin. Bàbá kò gbójú kúrò. Mọ́ṣúdù ló gbójú kúrò.

"Ṣé ó ti ṣe é?" Mọ́mì bi í láti ẹnu ọ̀nà. Ó ti wọ aṣọ mìíràn, ó ti di ìwé orin mú.

"Mọ́mì, dísìkì yẹn... dísìkì yẹn ti kú kí n tó dé. Mo máa gbé e lọ sí Ìkẹjà. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó lè yọ ohun tó wà nínú ẹ̀."

"Ó máa rí i yọ?"

"Ó máa rí i yọ, Mọ́mì."

"Ọlọ́run á bù kún ẹ." Ó bu ìkọ́kọrẹ́ sínú abọ́ fún un, ó fi bébà dé e. Bí Mọ́ṣúdù ṣe ń fi dísìkì ńlá sínú báàgì ni Mọ́mì dá orin tí wọ́n fi ń kí Sábáàtì káàbọ̀. Ohùn rẹ̀ nìkan ni. Tẹ́lẹ̀, Bàbá ló máa ń gbe ìsàlẹ̀ orin yẹn.

Abọ́ ìkọ́kọrẹ́ náà wà lórí tábìlì Mọ́ṣúdù ní Ijoku títí ó fi kan. Ìyàwó rẹ̀ béèrè ohun tó ṣe é, ó ní orí ló ń fọ́ òun.

Ní Ìkẹjà, ọ̀gbẹ́ni Afọláyan tó mọ nípa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gba dísìkì náà fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí Mọ́ṣúdù padà lọ, ó bá a tó ń mi orí.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni."

"Ká ní fọ́máàtì nìkan lo ṣe, ǹ bá rí gbogbo ẹ̀ gbà padà. Wíńdòsì tí o tún dà lé e lórí yẹn ló bà á jẹ́. Orí iṣẹ́ bàbá yẹn lo dà á lé."

Ojú ìwé mọ́kànlélógójì ló rí yọ, nínú ohun tó lé ní ẹgbẹ̀ta. Èérún ni wọ́n. Ní ibi kan, ọ̀rọ̀ wà, ìtumọ̀ kò sí. Ní ibòmíràn, ìtumọ̀ wà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè mọ ọ̀rọ̀ tó ni ín.

Mọ́ṣúdù kó wọn sínú àpò ìwé, ó sì fi wọ́n pamọ́ sábẹ́ tábìlì. Nígbà tí Mọ́mì kọ́kọ́ ránṣẹ́ béèrè, ó ní wọ́n ṣì ń ṣe é. Nígbà kejì, ó ní kí wọ́n sọ pé òun ò sí nílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé kan, ó gbójú sókè nínú ṣọ́ọ̀bù, ó rí Mọ́mì Fábíyìí lẹ́nu ọ̀nà, eruku ọ̀nà lára bàtà rẹ̀.

"Mọ́mì! Ẹ káàárọ̀. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Mọ́mì jókòó. Ó mú bébà kan jáde nínú báàgì. "Inú ìwé orin Bàbá ni mo ti rí i. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kọ ọ́, nígbà tára wọn ṣì le. Mo rò pé ó máa wúlò fún ẹni tó wà ní Ìkẹjà yẹn. Bóyá ohun tó wà nínú ẹ̀ ni wọ́n ń fìka méjì júwe fún wa lọ́jọ́ náà."

Mọ́ṣúdù gbà á. Lẹ́tà Bàbá mọ́ wẹ́wẹ́, àmì ohùn pé lórí gbogbo ọ̀rọ̀. *Dísìkì kìíní, kékeré: òun ló ń jí ẹ̀rọ. Kò sí iṣẹ́ mi lórí rẹ̀. Dísìkì kejì, ńlá: gbogbo ọ̀rọ̀ Rẹ́mọ wà níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe nù ún.*

Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn wáyà.

"Mọ́mì, mo parọ́ fún yín. Kò kú kí n tó dé. Èmi ni mo nù ún. Kékeré ni mo rò pé mò ń nù."

Níta, wọ́n ń da obì sínú apẹ̀rẹ̀, ariwo rẹ̀ dà bí òjò. Mọ́mì béèrè: "Gbogbo ẹ̀?"

Mọ́ṣúdù fa àpò ìwé náà jáde lábẹ́ tábìlì. "Ohun tó kù nìyí."

Mọ́mì ka ojú ìwé kan, ó ka èkejì, ó dá wọn padà sínú àpò. "Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún wọn," ló wí. "Bí mo bá ti fún wọn lónjẹ tán, màá ní, Bàbá Olúrántí, Mọ́ṣúdù ò ní pẹ́ mú un dé. Wọ́n á kàn dijú." Ó dìde. "Ìwọ lo máa lọ sọ fún wọn. Èmi ò lè gbé e débẹ̀."

Wọ́n jọ wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlárá lọ́jọ́ náà.

Bàbá wà lórí àga náà. Mọ́ṣúdù dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àpò ìwé náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò dìde. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: irin tó yí, iná tó lọ, C tó tẹ̀, irọ́ tó pa. Ó sọ ọ́ tán. Ó gbójú sókè. Bàbá ń wò ó bí ẹni tó ń gbọ́ ohun tó ti mọ̀ tipẹ́. Ó sì ti mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ó ti ka nọ́ńbà náà lójú gíláàsì. Láti ìgbà yẹn ló ti ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ lórí àga yẹn, òun nìkan, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń fi ìrètí bọ́ ọ láàárọ̀ lálẹ́.

Ó gbé ọwọ́ òsì. Mọ́ṣúdù rò pé ó fẹ́ gbá òun létí, ó sì gbé orí sún mọ́ ọn. Àpò ìwé ni Bàbá fọwọ́ kàn.

Láti ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Mọ́ṣúdù ń lọ sí Ìlárá. Á ka ọ̀rọ̀ kan tí kò ní ìtumọ̀, á sọ ìtumọ̀ tó bá rò. Bó bá tọ̀nà, Bàbá á tẹ ọwọ́ rẹ̀. Bí kò bá tọ̀nà, á dijú. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí wọ́n á lo gbogbo ìrọ̀lẹ́ lé lórí, Bàbá á kàn máa dijú ni, títí àárẹ̀ á fi mú un sùn. Mọ́ṣúdù kó àwọn kan lọ bá Màmá Àjọkẹ́. Ìyá náà ní kó tún un pè, ó tún un pè, ó kígbe rẹ̀ sí i létí. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá òun máa ń sọ ọ́. Ohun tó túmọ̀ sí ti lọ lórí òun.

Ní oṣù kẹsàn-án, àrùn náà tún kọlù Bàbá, kò sì jí mọ́ nígbà tó di ọjọ́ kejì. Wọ́n sin ín ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Olúrántí ti Lọ́ńdọ̀nù wá. Nígbà tí wọ́n júwe Mọ́ṣúdù fún un, ó wò ó pẹ́, ó sì lọ bá àwọn àlejò.

Ojú ìwé mẹ́sàn-án péré ni wọ́n rí parí. Mọ́ṣúdù tẹ̀ ẹ́, ó dì í pọ̀, ó sì mú un lọ fún Mọ́mì ní oṣù kejìlá. Wọ́n ti fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà. Mọ́mì gba ìwé náà, ó fọwọ́ wo bó ṣe nípọn tó.

"Èyí nìkan?"

"Èyí nìkan ni, Mọ́mì."

Ó wá awò ojú rẹ̀ kàn, ó fi sójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ojú ìwé àkọ́kọ́, ètè rẹ̀ ń mì lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò ní kí Mọ́ṣúdù jókòó, kò sì ní kó máa lọ.